Ẹ Ṣí Géètì Sítédíọ̀mù Sùúrùlérè Fáwọn Ọmọ Àdúgbò

Torí Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ọdún 1973 ni ìjọba ṣe kọ́ sítédíọ̀mù Sùúrùlérè. Níbẹ̀ ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti gbá bọ́ọ̀lù méjì sílé Àlgéríà lọ́dún 1980, tí Múdà Lawal fi ẹyọ kan lé e, tí ife Áfíríkà sì di tiwa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ibẹ̀ náà ni Kamẹrúùnù ti fi pẹnáritì borí wa lọ́dún 2000. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n pa á tì. Koríko gba orí pápá, àga ń fọ́, àwọn ọlọ́tí pa búkà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A ò bá ọlọ́tí wí o. Ilẹ̀ tí olówó rẹ̀ ò bá ro, ẹlòmíì á dá oko sí i.

Àbújá tún kọ́ tirẹ̀ fún Ìdíje Gbogbo Áfíríkà kan náà lọ́dún 2003, tòun ti àga 60,000. Nígbà tó di 2007, Èkó ṣí Tèslím Balógun sí ẹ̀gbẹ́ ti Sùúrùlérè gan-an, bí ẹni pé sítédíọ̀mù ló wọ́n wa. Ìjọba àpapọ̀ ò tíì sinmi: wọ́n du ìdíje Commonwealth ti 2030 fún Àbújá, Íńdíà ló gbé e lọ.

Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tó gbàlejò Olympics lọ́dún 2012 ti mọ ẹni tí yóò lo ilé ìlúwẹ̀ẹ́ wọn kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Òǹwòran 17,500 ló ń gbà nígbà náà. Ìdíje parí, wọ́n tú àwọn àga tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, ó ku 2,500, wọ́n sì ṣí i fún aráàlú lọ́dún 2014. Lóòótọ́, owó ńlá ló bá àtúnṣe sítédíọ̀mù tiwọn náà lọ kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù West Ham tó kó wọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ àdúgbò ń wẹ̀.

Àtúnṣe Sùúrùlérè ti ń falẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan. Kí ìjọba má dúró dìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí. Kí wọ́n kọ́kọ́ parí ojú ọ̀nà ìsáré àti gbọ̀ngàn ìṣeré, kí àwọn ilé-ìwé Sùúrùlérè, Mushin àti Yaba máa lò wọ́n láàárọ̀, kí àwọn kílọ́ọ̀bù máa gbà á nírọ̀lẹ́, kí Sátidé jẹ́ ti gbogbo ayé. Wọ́n lè gba owó díẹ̀ lẹ́nu géètì lọ́wọ́ àgbàlagbà, àmọ́ ibẹ̀ ni kí wọ́n ná an sí. Kí owó náà má bá ti ìjọba Àbújá lọ.