Ta ló ní fáànù 60 ló máa ń tutù jù?

Ẹ dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan iná ní Pansẹ́kẹ̀ lóṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí ooru Abẹ́òkúta bá ti dé góńgó, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọmọ ìsọ̀: "Màmá, ẹ kúkú gbé 60 yìí. 48 ò ní tó yín." Kò tíì béèrè bí yàrá yín ṣe fẹ̀ tó o. Ẹ̀yin náà ò sì ní sọ fún un, torí gbogbo wa la ti gbà pé bí fáànù tí wọ́n ń gbé kọ́ òkè àjà bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe tutù tó. Ìgbàgbọ́ yìí ti kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

Nọ́ńbà ara páálí yẹn, 36, 42, 48, 56, 60, ìwọ̀n íǹṣì ni, láti ṣóńṣó bíléèdì kọjá sí òdì kejì ibi tó ń yí dé. Fáànù 48 gba ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, 60 gba márùn-ún. Ibi tí òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ ìsọ̀ ni pé ojú ibi tí 56 ń gbá fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé díẹ̀ ju ti 48 lọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa yí bíléèdì gígùn náà? Kọ́ìlì inú rẹ̀ ni, ìyẹn wáyà bàbà tí wọ́n wé sínú mọ́tò rẹ̀. Bí bíléèdì bá fi díẹ̀ gùn sí i, iṣẹ́ kọ́ìlì máa ń fi púpọ̀ le sí i. Ẹni tó ń ṣe fáànù olówó pọ́ọ́kú tí kò fẹ́ náwó sórí wáyà bàbà, ṣe ló máa tẹ́ bíléèdì náà pẹrẹsẹ kí kọ́ìlì má baà jó. Fáànù á máa yí wìì, ẹ ò ní rí atẹ́gùn kankan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé bíléèdì sókè kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tó dàgẹ̀ẹ̀rẹ̀ dáadáa ló ń ti atẹ́gùn wálẹ̀. Ti pé bíléèdì márùn-ún dára ju mẹ́ta lọ, ọ̀ṣọ́ lásán nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ iná náà tún wà níbẹ̀. Lálẹ́, tí gbogbo àdúgbò bá tan nǹkan pọ̀, iná tó yẹ kó jẹ́ fóòtì 230 lè já sí 160. Agbára tí kọ́ìlì fi ń yí á wá dín sí ìlàjì ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, kódà kò ní tó ìlàjì. Fáànù 60 tí kọ́ìlì rẹ̀ kéré á máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ débi pé ẹ máa ka bíléèdì rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Fáànù 48 tí kọ́ìlì rẹ̀ nípọn á fẹ́ yín jù ú lọ lóru yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti àyè, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà pọ̀ sí. Yàrá àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Aṣerò, 10 bàì 10 ni. Wọ́n gbé 60 kọ́ síbẹ̀, àwọn ọmọ ṣì ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ooru. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 10 jẹ́ 120 íǹṣì. Tí fáànù 60 bá wà láàárín gbùngbùn, 30 íǹṣì ló kù lọ́tùn-ún, 30 lósì. Kò burú, àfi pé káfíńtà ti kan wọ́dúróòbù mọ́ ògiri kan títí dé àjà, inú rẹ̀ sì jìn tó 24 íǹṣì. Íǹṣì mẹ́fà péré ló wá kù láàárín ṣóńṣó bíléèdì àti wọ́dúróòbù, nígbà tó yẹ kó tó 18 ó kéré tán. Atẹ́gùn tó yẹ kó padà gòkè kí fáànù tún un gbá ò rọ́nà gbà, igi ló ń gbá, ariwo ló sì ń pa. Rẹ́wáyà ti gbé húùkù sáàárín kí wọ́dúróòbù tó débẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ronú kàn án. Ẹ fi íǹṣì 12 sún húùkù náà kúrò lọ́dọ̀ wọ́dúróòbù, 48 á ní 24 lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. 60 gan-an á rí 18 rẹ̀ gbà lágbára káká. Igi òrùlé ni kí rẹ́wáyà wá kàn án mọ́ o, kó má gbé e kọ́ ara àjà PVC.

Pálọ̀ gígùn ńkọ́, irú 12 bàì 20? Fáànù ńlá kan láàárín, àlejò tó jókòó sí ìpẹ̀kun á máa nu òógùn. Ẹ gbé 48 méjì síbẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n máa gbá pọ̀ ju ti 60 kan lọ dáadáa. Fún yàrá 12 bàì 12, 42 tàbí 48 tó. 56 bẹ̀rẹ̀ sí í wúlò tí yàrá bá ti sún mọ́ 15 bàì 15.

Ọ̀pá rẹ̀ náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e kúrú nítorí ẹwà. Bíléèdì tó lẹ̀ mọ́ àjà ò rí atẹ́gùn fà. Ẹ fi àyè íǹṣì 10 sí 12 sílẹ̀ lókè, kó má sì fi sún mọ́ ilẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ.

Fáànù kankan, ìbáà jẹ́ 60, kì í sọ yàrá di tútù. Òógùn ara yín ló ń gbẹ, ìyẹn lẹ fi ń gbádùn. Ẹni tó tàn án sílẹ̀ lọ sí Kútọ̀ pé kí yàrá ti tutù kóun tó dé, yúnìtì ló ń jó. Àwọn ilé ilẹ̀ wa tí páànù wọn ti pọ́n láti ayébáyé, ooru abẹ́ àjà ni fáànù ńlá máa ń dà léèyàn lórí lọ́sàn-án. Fèrèsé méjì tó kọjú síra ni kí ẹ ṣí.

Tó bá jẹ́ pé fáànù tí ẹ ní ti ń fẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀, tó wá ń lọ́ra, tàbí tó di dandan kí ẹ fi igi tì í kó tó yí, ẹ má tíì lọ ra 60. Kàpásítọ̀ rẹ̀, nǹkan kékeré tó ń ran kọ́ìlì lọ́wọ́ láti yí, ni kí ẹ ní kí rẹ́wáyà kọ́kọ́ pààrọ̀.