Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò yẹ kó di ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dun ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá àwa tí a wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí mo sì fẹ́ sọ èrò ọkàn mi lé lórí lónìí. Ọ̀rọ̀ náà ni wàhálà tí èèyàn ń rí kó tó lè ṣe àyẹ̀wò kékeré ní ilé ìwòsàn àdúgbò tí gbogbo wa ń pè ní GP. Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ni mo ń sọ. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ni, àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò kíndìnrín, àwọn tí nọ́ọ̀sì kan lè gba ìtọ̀ tàbí fa ẹ̀jẹ̀ fún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ kí èèyàn sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé kò yẹ kí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ máa gba ẹnu ọ̀nà kan náà tí ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ń gbà wọlé.

Gbogbo ẹni tó ń gbé níbí ló mọ aago mẹ́jọ àárọ̀. Aago náà ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn àdúgbò ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù, gbogbo ẹni tó bá sì fẹ́ rí dókítà lọ́jọ́ náà ló ń pè lẹ́ẹ̀kan náà. Orin á máa dún létí, ohùn kan á máa sọ iye èèyàn tó wà níwájú, nígbà tó bá sì fi máa kàn èèyàn, wọ́n á ní àyè ti tán, kó tún pè lọ́la. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ọdún 2023 ni àdéhùn tó wà láàárín NHS, àjọ ìlera ìjọba, àti àwọn GP ní England ti sọ pé kí wọ́n yé sọ fún aláìsàn pé kó padà pè lọ́jọ́ mìíràn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n sì ti ní kí ọ̀nà ìbéèrè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn wà ní ṣíṣí láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa tó wá bá wa tọ́mọ, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò já geere lẹ́nu wọn, kò lè dá kọ ohun tó ń ṣe wọ́n sínú fọ́ọ̀mù yẹn.

Ẹ wo irú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹni tó ń tọ́jú arúgbó wà lẹ́nu wíwẹ̀ fún wọn, ẹni tó ṣiṣẹ́ òru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọkọ̀ relé ni, ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù rárá. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń wa bọ́ọ̀sì. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 50, ó sì ti gbọ́ nínú ìpàdé àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn pé nínú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́rin ní ilẹ̀ yìí, ẹnì kan ni jẹjẹrẹ prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀) máa ń mú kí ọjọ́ ayé rẹ̀ tó pé, nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan nínú mẹ́jọ ni tí a bá ka gbogbo ọkùnrin pọ̀. Àìsàn yìí kì í sábà fi àmì kankan hàn níbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA.

Nígbà tí kò rí wọn bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì bi í pé kí ló fẹ́ rí dókítà fún. Àwọn èèyàn jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ìyá àgbà kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì sì wà níbẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, obìnrin náà ní òun kò gbọ́, kó sọ̀rọ̀ sókè. Ó wá bi í bóyá ìtọ̀ ń nira fún un láti tọ̀, tàbí ó ń dìde tọ̀ lóru. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá. Obìnrin náà ní tí kò bá sí ohun tó ń ṣe é, kò sí ìdí fún àyẹ̀wò. Àgbàlagbà ọkùnrin tí kò jẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ dúpẹ́, ó sì jáde.

Ohun tí wọ́n sọ fún un yẹn kò tọ̀nà. Ní England, ọkùnrin tó bá ti pé ọmọ ọdún 50 lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún àyẹ̀wò PSA lọ́fẹ̀ẹ́, kódà bí ara rẹ̀ bá le koko, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé àǹfààní àti àléébù rẹ̀ fún un. N kò dá obìnrin náà lẹ́bi. Wọ́n ti fi í síbẹ̀ láti máa yan ẹni tó máa rí dókítà, nítorí pé dókítà kò tó: tí a bá pín àwọn aláìsàn tó forúkọ sílẹ̀ ní England fún àwọn dókítà GP tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún, ó lé ní 2,200 tó máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n níbi tí dókítà ti ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ gan-an ni kò ti yẹ kí wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ lásán kọ́kọ́ rí dókítà.

Ó sì dùn mí nítorí owó tí a ń san. Ẹni tó bá gba físà iṣẹ́ wá sí ilẹ̀ yìí, yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda fún bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ń san £1,035 fún ọdún kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí owó ìtọ́jú, láti oṣù kejì ọdún 2024. Kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ló ti máa san ti gbogbo ọdún tó wà lórí físà náà pọ̀. Tó bá dé, wọ́n tún ń yọ owó orí nínú owó oṣù rẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn. Mo mọ̀ pé ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, èèyàn lè rìn wọ ilé àyẹ̀wò láàárọ̀ kó sì gba èsì rẹ̀ lọ́sàn-án, mo sì mọ̀ pé ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ níbẹ̀ kò ní rí nǹkan kan ṣe. N kò fẹ́ kí ti ibí dà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ti sanwó rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ó dé ọwọ́ wa.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kó rántí oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọlu Synnovis, ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ní Southwark, Lewisham, Greenwich àti àwọn àdúgbò mìíràn tí àwa Yorùbá pọ̀ sí, àyẹ̀wò tí GP ń ní kí èèyàn ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá. Ní ọdún 2025, King's College Hospital fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé aláìsàn kan kú lásìkò náà, àti pé pípẹ́ tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ pẹ́ wà lára ohun tó fà á.

Kò sì jẹ́ pé wọn kò mọ ọ̀nà tó dára jù. Láti ọdún 2021 ni ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 40 ti lè wọ ilé oògùn ní England kó ní kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ òun lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti ṣe é rí: apòògùn mú mi wọ yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ kántà, ó di nǹkan mọ́ mi lápá, ó ka èsì fún mi, ó sì ṣàlàyé ohun tó túmọ̀ sí kí n tó dìde. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè níwájú èrò pé kí ló ń ṣe mí. Bí èyí bá ṣeé ṣe fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ló dé tí kò lè ṣeé ṣe fún ṣúgà?

Èsì pàápàá tún jẹ́ ìṣòro tirẹ̀. Nígbà tí mo ṣe àyẹ̀wò ṣúgà ní ọjọ́ kan, èyí tí wọ́n ń pè ní HbA1c, tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn hàn, 44 ni mo kàn rí lórí fóònù mi, kò sí gbólóhùn kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé tí kò bá sí ìṣòro, àwọn kò ní pè, wọn kò sì pè. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi pé láti 42 dé 47 ni àtọ̀gbẹ ti ń sún mọ́ èèyàn, àti pé àsìkò yẹn gan-an ló yẹ kí n dín ẹ̀bà alẹ́ kù kí n sì máa rìn. Ta ni ìbá sọ ọ́ fún ẹni tí kò ní ọ̀rẹ́ nọ́ọ̀sì?

Àwọn ohun díẹ̀ wà tí mo fẹ́ kí àwọn èèyàn wa mọ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni àwọn GP àdúgbò ti jọ ń pín àyè ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́jọ, àti ti ọjọ́ Sátidé, láàárín ara wọn. Ẹ bèèrè fún un, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ ọ́ fún èèyàn. Ó sì tún jẹ́ dandan láti ọdún 2015 pé kí GP kọ̀ọ̀kan ní England ní ìgbìmọ̀ àwọn aláìsàn tó ń bá wọn jíròrò bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Mo ti forúkọ sílẹ̀ nínú ti ibi tí mo ń lọ. Ohun tí mo máa béèrè ní ìpàdé àkọ́kọ́ ni pé kí ẹni tó bá ti pé ọjọ́ orí tí wọ́n là sílẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ọjọ́ fún PSA àti àyẹ̀wò ṣúgà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, láì sí pé ó pe fóònù ní aago mẹ́jọ, àti pé kí wọ́n fi àlàyé tó yé èèyàn kún gbogbo èsì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́.