Igi kọ́ ló ń di dáàmù mú

Àwọn kan ní igi orí dáàmù alámọ̀ tó sé omi adágún ìgbafẹ́ wa ló ń di erùpẹ̀ rẹ̀ mú. Rárá o! Bí igi bá kú, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà sínú amọ̀, á di ihò, omi á sì gba ibẹ̀ kọjá. Koríko kúkúrú ló yẹ ibẹ̀. Ilé ikán náà máa ń di irú ihò bẹ́ẹ̀ nínú dáàmù, ó sì pọ̀ lágbègbè Òṣogbo wa níbí.

Ẹni tó ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí ibi tó ń sun omi lẹ́yìn dáàmù, ní ẹ̀gbẹ́ tí kò kọjú sí adágún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Omi tí kò rọ́nà jáde á wá ọ̀nà mìíràn nínú amọ̀. Yanrìn mímọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ síbẹ̀, kí wọ́n wá da òkúta wẹ́wẹ́ lé e: omi á jáde, erùpẹ̀ á dúró. Ẹ bu omi náà sínú ife funfun wò. Tó bá mọ́, ẹ máa ṣọ́ ọ. Tó bá ní ẹrẹ̀, erùpẹ̀ inú dáàmù ni omi ń wọ́ lọ yẹn, kí wọ́n tètè pe ẹnjiníà, kí wọ́n sì máa fa omi adágún sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá fà á yára jù, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sómi á ya lulẹ̀.