Ẹ Jẹ́ Kí Owó Ìkòkò Dé Ọwọ́ Amọ̀kòkò

Ìkòkò amọ̀ kò tíì kú. Ẹni tó bá rò pé ike àti tánganran ti pa á tán, kó yà sí Òkèléle ní Ìlọrin, kó lọ wo ẹbu Dàda, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Obìnrin ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìyá ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ ọmọ tirẹ̀. Wọ́n á po amọ̀ títí á fi rọ̀ dáadáa. Wọ́n á da ojú ògbólógbòó ìkòkò délẹ̀, wọ́n á tẹ́ amọ̀ lé e nídìí, wọ́n á máa lù ú jẹ́jẹ́ títí yóò fi mú ìrísí rẹ̀. Bó bá le díẹ̀, wọ́n á ṣí i kúrò, wọ́n á fi amọ̀ tí wọ́n ti yí bí okùn mọ ọrùn àti ẹnu rẹ̀. Ṣùkù àgbàdo ni wọ́n ń yí lára rẹ̀ kó lè ní iṣẹ́ ọnà. Níta gbangba ni wọ́n ti ń sun ún, igi àti koríko ni wọ́n ń kó bò ó. Bó bá ti ń jáde nínú iná, wọ́n á fi omi èèpo irúgbá wọ́n ọn kó lè dán. Èyí tó bá sán nínú iná, amọ̀kòkò nìkan ló gbé àdánù rẹ̀.

Ọjà àgbáyé ti kó ọ̀pọ̀ nǹkan wọlé bá iṣẹ́ yìí. Fíríìjì gba ipò àmù ní igun ilé, kẹ́ẹ̀gì gba ipò orù, ìkòkò onírin sì gorí àdògán. A ò ní sọ pé kí ìyá ọlọ́mọ ju ike sílẹ̀ kó tún máa ru orù lọ sódò. Ike fúyẹ́, kì í fọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó rọ́pò amọ̀ ló sàn jù ú lọ. Ẹ wo ìkòkò tí wọ́n ń yọ́ láti ara àlòkù páànù àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣàyẹ̀wò irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, tí wọ́n gbé àbájáde jáde ní ọdún 2014, òjé (lead), irin tó ní májèlé, ni wọ́n rí tó ń jáde láti ara ìkòkò náà sínú ohun tí wọ́n bá sè. Òjé kì í ṣe ohun tó yẹ kí ọmọdé jẹ mọ́ ọbẹ̀.

Ní báyìí, ọjà àgbáyé kan náà ti tún ń dá amọ̀ padà. Àwọn ilé oúnjẹ ńlá ní Èkó ń bu àmàlà sínú àwo amọ̀. Lórí Instagram, wọ́n ń ta ìṣaasùn fún àwọn èèyàn wa tó wà ní London àti Houston. Inú wa dùn sí i, kí Ọlọ́run jẹ́ kó pọ̀ sí i. Ohun tó ń dùn wá ni pé kí ìkòkò tó dé ọwọ́ ẹni tó máa lò ó, ó ti gba ọwọ́ alágbàtà méjì mẹ́ta, èrè sì ti tán sọ́nà. Ẹni tó rà á kò mọ̀ bóyá Ìlọrin ni wọ́n ti mọ ọ́n tàbí Ìpetumodù. Orúkọ ẹni tó tà á ló mọ̀.

Ẹ yí owó 20 náírà sẹ́yìn. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ni Ladi Kwali, amọ̀kòkò ọmọ ẹ̀yà Gbagyi, tó kọ́ ìkòkò mímọ lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ obìnrin lábúlé, tó wá wọ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò tí Michael Cardew, òyìnbó ará Bìrìtìkó, dá sílẹ̀ fún ìjọba ní ìlú tí a ń pè ní Suleja lónìí. Ìkòkò rẹ̀ dé London, orúkọ rẹ̀ sì bá a débẹ̀. Ohun méjì ló gbé e débẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀bùn tirẹ̀: ìjọba náwó sí ibi iṣẹ́, orúkọ rẹ̀ kò sì sọnù lọ́jà. Ó dùn mọ́ wa pé a fi àwòrán rẹ̀ sára owó. Àwọn obìnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí ńkọ́?

Ìlọrin ń gbòòrò, ẹni tó ń ta ilẹ̀ kì í bi amọ̀kòkò léèrè. Nítorí náà, a ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara ya ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ sọ́tọ̀, kí ìwé ilẹ̀ náà sì wà lórúkọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin náà, kó má wà lórúkọ olóṣèlú kankan. Láìsí amọ̀, asán ni gbogbo ètò yòókù. Òfin àmì òwò Nàìjíríà sì fàyè gba àmì ìjẹ́rìí tí yóò fi hàn pé ojúlówó ni ọjà. Kí ìjọba san owó ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ fún wọn. Íńdíà ti fi òfin dáàbò bo orúkọ ìkòkò aláwọ̀ búlúù ti ìlú Jaipur. Kò sí ìdí tí Dàda kò fi lè ní tirẹ̀.

Ti UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, náà wà níbẹ̀. Nàìjíríà ti wà nínú àdéhùn àjọ náà nípa àṣà àjogúnbá láti ọdún 2005. Ifá àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti wà nínú ìwé àkójọ àjọ náà. Ní ọdún 2012, Botswana mú ìkòkò mímọ àwọn ará Kgatleng wọ inú àkójọ ohun tó nílò ààbò kíákíá. Ní 2018, Tunisia mú ti àwọn obìnrin Sejnane wọlé. Kí ìjọba àpapọ̀ gbé orúkọ àwọn amọ̀kòkò tiwa náà síwájú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó o lọ sókè òkun, ẹ kọ orúkọ ìlú àti ẹbu tó ti wá sára páálí. Ẹ sì san díẹ̀ nínú owó kí wọ́n tó sun ún, torí owó igi ni amọ̀kòkò kọ́kọ́ ń wá.