Ẹni tó na ẹni tó nà ẹ́, kì í ṣe dandan kó nà ẹ́ o

Tí ìjà ẹ̀ṣẹ́ ńlá kan bá ti ń bọ̀ báyìí, ẹ máa gbọ́ ìṣirò yìí dandan: "Ṣebí Lágbájá ló na Tàmẹ̀dù? Ṣebí Tàmẹ̀dù yẹn náà ló na Làkáṣègbè? A jẹ́ pé Lágbájá máa na Làkáṣègbè nìyẹn, kí la tún ń bára wa fà sí." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé, èmi fúnra mi gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí ó dùn létí, ó jọ pé èèyàn ro nǹkan jinlẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó, irọ́ ni. Ohun tó sì ń dùn mí nínú ẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ń kó owó tí wọ́n làágùn kí wọ́n tó rí lé e lórí, wọ́n ń fi ta tẹ́tẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí ìṣirò yẹn ti tẹ́ jù. Lọ́dún 1971 Joe Frazier na Muhammad Ali ní New York, ó tún gbé e ṣubú ní ráùńdì 15. Lọ́dún 1973 Ken Norton náà nà án, ó sì fọ́ eegun àgbọ̀n ẹ̀. Ó dáa. George Foreman wá dé. January 1973, ní Kingston, ní Jàmáíkà, ó gbé Frazier yẹn ṣubú ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ráùńdì méjì péré, rẹfirí ló dá a dúró. March 1974, ní Caracas, ó ṣe Norton bẹ́ẹ̀ náà, ráùńdì 2 náà ló parí sí. Àwọn méjèèjì tó na Ali o, Foreman ò jẹ́ kí ẹnì kankan nínú wọn fojú kan ráùńdì 3! Ìjà 40 ló ti jà, kò sẹ́ni tó tíì nà án, nọ́káótì, ìyẹn kó lu èèyàn títí tí kò fi lè jà mọ́, ló fi parí 37 nínú ẹ̀. Ọmọ ọdún 25 ni, Ali ti pé 32. Torí náà nígbà tí wọ́n fẹ́ pàdé ní Kinshasa, ní Zaire, ní October 30, 1974, ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ bóyá Ali máa borí mọ́, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni kí Foreman má lọ pa ọmọ ọlọ́mọ.

Ráùńdì 8, Foreman ló nà gbalaja sílẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró wò dáadáa nìyí, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Kí ni Frazier fi na Ali? Ali máa ń gbé ọwọ́ sílẹ̀, orí ló máa ń fà sẹ́yìn tí ẹ̀ṣẹ́ bá ń bọ̀, ẹ̀ṣẹ́ òsì Frazier tó ń yí wá láti ẹ̀gbẹ́ ló ń bá orí yẹn níbi tó sá lọ. Norton ní tiẹ̀, jáàbù ẹ̀, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ iwájú tó ń lọ tààrà, ló ń bá jáàbù Ali wọ̀yá ìjà, bí Ali bá ti fẹ́ jù ú lòun náà ti jù ú. Ṣé Foreman ní ìkankan nínú nǹkan méjèèjì yìí? Kò ní. Ohun tí Foreman ní ni agbára tó kọjá sísọ, ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì tì ẹ́ kó tó ju ẹ̀ṣẹ́ ńlá bí ẹni ń la igi, Frazier tó máa ń tẹrí ba wá bá èèyàn níwájú ń gbé àgbọ̀n wá fún ẹ̀ṣẹ́ tó ń tìsàlẹ̀ bọ̀, Norton sì jẹ́ ẹni tí wọ́n bá ti tì sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ali kì í wá bá ẹ bẹ́ẹ̀. Ó lọ fẹ̀yìn ti okùn ríńgì, ó fi apá bo ojú àti ìhà, ó ní kí Foreman máa lu apá lọ, tí wọ́n bá ti dìmọ́ra ó máa fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn mọ́lẹ̀, nínú ooru Kinshasa yẹn, títí apá Foreman fi wúwo bí òkúta. Ìgbà tó wá kúrò nídìí okùn ní ìparí ráùńdì 8, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún ẹ̀ bá Foreman lójú, Foreman ń yí po, ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Ali ti ká ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ń yí tẹ̀ lé e, kò sì jù ú mọ́. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti wo ibẹ̀ yẹn.

Ohun tí mo ń sọ ni pé àléébù tí A rí lára B tó fi nà án, C lè má ní in, àbí kí C tiẹ̀ ní oògùn ohun tí A ń lò.

Ẹ wo ti Mike Tyson náà. May 1987, Tony Tucker dá Buster Douglas dúró ní ráùńdì 10. August ọdún yẹn gan-an, Tyson fi máàkì àwọn adájọ́ na Tucker. Ìṣirò ti parí nìyẹn, àbí? Nígbà tí Tyson pẹ̀lú Douglas wá pàdé ní Tokyo ní February 11, 1990, tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń ta lórí ẹ̀ jẹ́ 42 sí 1, ìyẹn ni pé ẹni tó bá fi náírà kan ta á pé Douglas máa borí á jẹ náírà 42. Ìyá Douglas kú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ọkùnrin yẹn sì bá ọ̀fọ̀ yẹn wọ ríńgì, ó jà bí kò ṣe jà rí, jáàbù lórí jáàbù. Ráùńdì 10, Tyson wà lórí eékún àti ọwọ́, ó ń tá ràrà wá rọ́bà ẹnu ẹ̀ nílẹ̀, ó rí i, ẹ̀gbẹ́ kan ló fi sẹ́nu, ìyókù ń yọ síta, rẹfirí sì ń kà. Ìṣirò wo ló fẹ́ gbé ìyẹn?

Àwọn kan á ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ti òde òní. October 2023 Francis Ngannou, tí kò ja ẹ̀ṣẹ́ bí iṣẹ́ rí tẹ́lẹ̀, gbé Tyson Fury ṣubú, díẹ̀ ló kù kó borí ẹ̀. March 2024 Anthony Joshua fi ráùńdì 2 pa iná Ngannou. Ẹ ò rí bí gbogbo ayé ṣe ń pariwo pé kò sẹ́ni tó tún lè dúró níwájú Joshua. Joshua sì ti bá Oleksandr Usyk lo ráùńdì 12 lẹ́ẹ̀mejì, Usyk yìí kan náà sì ti dá Daniel Dubois dúró ní ráùńdì 9. Gbogbo ọ̀nà ni ìṣirò fi gbè sẹ́yìn Joshua. September 21, 2024, ní Wembley, láti ráùńdì kìíní ni Dubois ti ń gbé e ṣubú, ráùńdì 5 ló parí ẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ. Mayweather na Márquez lọ́dún 2009, Márquez fi nọ́káótì mú Pacquiao lọ́dún 2012, Mayweather sì na Pacquiao lọ́dún 2015, ó ṣẹ. Ó ṣẹ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Márquez pẹ̀lú Pacquiao jà o: ọ̀mì lọ́dún 2004, Pacquiao lọ́dún 2008, Pacquiao lọ́dún 2011, Márquez lọ́dún 2012. Èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ fẹ́ fi ṣe ìṣirò? Ohun tó jẹ́ kó ṣẹ ni pé Pacquiao máa ń ya wọlé pẹ̀lú eré, Mayweather sì jẹ́ ẹni tó máa ń dúró de kó o wọlé kó tó ṣe ẹ́ léṣe. Ẹni tó bá wo ìyẹn mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kò nílò Márquez rárá.

Torí náà bí mo ṣe ń ṣe é báyìí ni pé mo máa ń wo fídíò àwọn ìjà tó le fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń yangàn. Ta ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹni gíga ni àbí ẹni kúkúrú tó ń wọlé wá bá a? Ṣé alòsì ti dà á láàmú rí? Tí ìjà bá kọjá ráùńdì 6, báwo ni mímí ẹ̀ ṣe ń rí? Wọ́n tún lè gbé e kalẹ̀ fún mi pé mo ṣì í, mo sì máa ń ṣì í, ṣùgbọ́n ó kéré tán ìjà ni mo ń wò.

Ẹ jẹ́ n fi ti Andy Ruiz kún un, torí èyí gan-an ló yí èmi lọ́kàn padà. Joseph Parker na Ruiz lọ́dún 2016. Joshua na Parker lọ́dún 2018. June 1, 2019, ní Madison Square Garden, Ruiz, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wá dípò ẹlòmíì, gbé Joshua ṣubú ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó gba gbogbo bẹ́lìtì ọwọ́ ẹ̀. Àwọn mẹ́ta na ara wọn yíká. Wọ́n wá tún un jà ní December 7 ọdún yẹn, ní Saudi Arabia. Joshua dín ara kù, ó ń rìn yípo, ó ń jáàbù, kò dúró bá a fa ọ̀rọ̀ rárá. Ruiz tó wọn pọ́ùn 268 ní June ti di pọ́ùn 283, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò lè lé e bá mọ́. Oṣù mẹ́fà péré, ọkùnrin méjì kan náà, àwọn adájọ́ kọ 118-110, 118-110, 119-109, gbogbo ẹ̀ fún Joshua.