Ǹjẹ́ ó yẹ kí Electric Ladyland jẹ́ àwo méjì? Àríyànjiyàn lórí iṣẹ́ Jimi Hendrix ti ọdún 1968

Gbénró Onígìtá:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin olólùfẹ́ orin gìtá. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi, mo sì mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́ jáde, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò fárígá. Electric Ladyland, àwo kẹta tí ẹgbẹ́ Jimi Hendrix Experience ṣe, tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1968, ni àwọn ènìyàn máa ń pè ní iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ga jù lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwo kan ṣoṣo tí ó dára gan-an ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fà á títí ó fi di àwo méjì, tí gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 75. Bí ẹ bá yọ ariwo téèpù tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn "And the Gods Made Love", tí ẹ yọ "Little Miss Strange" tí Noel Redding, ẹni tí ó ń ta béèsì nínú ẹgbẹ́ náà, kọ, tí ẹ gé "Voodoo Chile" oníṣẹ́jú 15 kù sí mẹ́fà, tí ẹ sì dín "1983... (A Merman I Should Turn to Be)" kù sí ìlàjì, ohun tí yóò kù sí yín lọ́wọ́ kò ní lábùkù. Chas Chandler, ẹni tí ó mú Hendrix láti New York wá sí London ní 1966, tí ó sì ń darí bí wọ́n ṣe ń gba orin rẹ̀ sílẹ̀, mọ ibi tí ó yẹ kí orin parí sí, àwọn orin kéékèèké inú Are You Experienced, àwo wọn àkọ́kọ́, sì jẹ́rìí sí i. Láti ìgbà tí Chandler ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láàárín ọdún 1968, kò sí ẹni tí ó lè sọ fún Hendrix mọ́ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Àdùkẹ́ ní London:
Ẹ̀gbọ́n Gbénró, mo kí yín o. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa bí a ṣe ń fetí sí gìtá, ṣùgbọ́n lórí èyí, ẹ jẹ́ kí n bá yín jiyàn. Iṣẹ́ tí Chandler ń ṣe ní 1966 àti 1967 ni pé kí ó mú orin tí rédíò lè gbé sáfẹ́fẹ́ jáde, kí orúkọ ọmọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní London lè di ohun tí gbogbo ayé ń pè. Ó ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa. Ní 1968, orúkọ náà ti délé-délé, ohun tí Hendrix sì ń wá nígbà náà kò lè wọ inú ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí àwo náà: Hendrix fúnra rẹ̀ ni wọ́n pè ní olùdarí iṣẹ́ náà, tí Eddie Kramer àti Gary Kellgren sì wà nídìí ẹ̀rọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi íapíìsì tí ó dára gbọ́ "1983", kì í ṣe spíkà fóònù. Ìtàn ogun ni orin náà: ọkùnrin kan àti olólùfẹ́ rẹ̀ sá kúrò lórí ilẹ̀ tí ogun ti bà jẹ́, wọ́n sì wọ inú òkun lọ láti máa gbé ibẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìlù náà ń rìn bí ìlù àwọn ṣọ́jà. Nígbà tí ó bá di àárín, gbogbo rẹ̀ tú: fèrè Chris Wood ń ti ọ̀nà jíjìn wá, ohùn ń kọjá láti etí òsì lọ sí etí ọ̀tún, àwọn ohun tí ó le koko ní ìbẹ̀rẹ̀ sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọn kò fi ní egungun mọ́. Redding kò sí níbẹ̀ rárá, Hendrix ni ó ta gìtá béèsì fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá gé ìlàjì orin yìí, ibi tí wọ́n ti wọ inú omi gan-an ni ẹ óò gé. Kí wá ni wọ́n tìtorí rẹ̀ sá kúrò lórí ilẹ̀?

Kọ́lá Blues:
Èmi kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì. Àǹtí Àdùkẹ́ ń gbèjà "1983", ibẹ̀ gan-an ni oorun ti máa ń gbé mi lọ. Ẹ̀gbọ́n Gbénró ní tiwọn fẹ́ fi ọ̀bẹ kan "Voodoo Chile", èyí kò sì ṣeé gbọ́ sétí láti ẹnu ẹni tí ó ń ta gìtá. Orin blues ni ó bí Hendrix. Muddy Waters gba "Rollin' Stone" sílẹ̀ ní 1950 láti ara "Catfish Blues" tí àwọn ará Mississippi ti ń kọ ṣáájú rẹ̀, Hendrix náà sì ti máa ń kọ "Catfish Blues" lórí pèpéle kí ó tó gbé "Voodoo Chile" kalẹ̀. Ẹ fetí sí bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀: gìtá àti ohùn rẹ̀ ń rìn pọ̀ lórí ohùn kan náà, ó ń fọ́nnu nípa òṣùpá tí ó pọ́n bí iná lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí i, kò sì sí ẹni tí ó ń kánjú. Irú ìfọ́nnu bẹ́ẹ̀ nílò àyè. Ẹni tí ó bá gé e kù sí ìṣẹ́jú mẹ́fà yóò rí ìlà orin he, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò ní gbóná.

Èyí tí mo rò pé ó yẹ kí a yọ ni gbogbo ohun tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó ń kọrin níbẹ̀, tí kì í ṣe ènìyàn.

Ayántádé:
Ẹ̀yin onígìtá, ẹ fi gìtá sílẹ̀ ná. Ìdílé onílù ni wọ́n bí mi sí, Mitch Mitchell, onílù ẹgbẹ́ náà, sì ni mo máa ń gbọ́ nínú àwo yìí kí n tó gbọ́ ẹlòmíràn. Ẹsẹ̀ jazz ni ọkùnrin náà fi ń rìn, ó fẹ́ràn Elvin Jones tí ó ń lùlù fún John Coltrane, kò sì fìgbà kan jókòó sídìí ìlù bí ẹni tí ó ń ka ìṣẹ́jú fún àwọn ẹlòmíràn. Nínú "Voodoo Chile" tí ẹ ń bínú sí yìí, òru ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀ ní sítúdíò Record Plant ní New York, ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún 1968, lẹ́yìn tí wọ́n ti kúrò ní ilé-ijó tí wọ́n ń pè ní The Scene. Jack Casady ti ẹgbẹ́ Jefferson Airplane ni ó wà lórí béèsì, Steve Winwood, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ni ó sì wà nídìí dùùrù. Gìtá yóò sọ̀rọ̀, dùùrù yóò fèsì, Mitchell yóò sì ki ọwọ́ bọ àárín wọn bí ọ̀rọ̀ náà bá fẹ́ falẹ̀. Níbi tí gbogbo wọn ti rọlẹ̀, tí Winwood ń ti dùùrù náà pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ẹ óò gbọ́ bí Mitchell ṣe kọ̀ láti dákẹ́, tí ó ń fọwọ́ pa awo ìlù títí tí gìtá fi tún dìde. Èyí ni Ẹ̀gbọ́n Gbénró fẹ́ gé.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yà díẹ̀: Winwood yìí kan náà ni ó jókòó pẹ̀lú Remi Kabaka àti Abdul Lasisi Amao ní 1973, tí wọ́n ṣe àwo tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Aiye-Keta. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí etí ọmọ náà ń lọ, kí ó wá a gbọ́.

Fún Kọ́lá, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí o sọ kò dúró. Nínú "Still Raining, Still Dreaming", ẹ̀rọ wah-wah tí Hendrix ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni ó jẹ́ kí gìtá rẹ̀ máa fọhùn bí gángan, tí ó ń gòkè, tí ó ń sọ̀kalẹ̀, tí ó fi kù díẹ̀ kí a gbọ́ ohun tí ó ń wí. Ṣé ẹ̀rọ ni ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni, àbí ẹsẹ̀ ènìyàn? (Buddy Miles ni onílù níbẹ̀ o, kì í ṣe Mitchell. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo ju ti Mitchell lọ, ó sì bá orin náà mu.)

Gbénró Onígìtá:
Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Ẹ wá dá mi lóhùn lórí èyí: bí òmìnira bá dùn tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹgbẹ́ náà fi ń tú ká ní àkókò kan náà? Hendrix máa ń tún orin kan ṣe lemọ́lemọ́ títí yóò fi sú àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀, "Gypsy Eyes" sì ni àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Àwọn àlejò kún sítúdíò débi pé Redding kì í rí ibi jókòó sí, ó sì máa ń fi ìbínú jáde lọ. Chandler náà kó ẹrù rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kẹfà 1969, Redding ti lọ pátápátá. Olórin tí kò ní ẹni tí ó lè dá a dúró yóò máa wá ohun tí ó ti rí tẹ́lẹ̀ kiri inú ilé.

Mojísọ́lá T.:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀rí tí ó tako Ẹ̀gbọ́n Gbénró wà nínú orin tí àwọn náà kò ní gbà kí a yọ, ìyẹn "All Along the Watchtower". Àwo Bob Dylan tí orin náà wà nínú rẹ̀ jáde ní ìparí 1967. Kí oṣù kìíní 1968 tó parí, Hendrix ti wà ní sítúdíò Olympic ní London tí ó ń gbà á sílẹ̀, pẹ̀lú Dave Mason lórí gìtá olókùn 12. Redding bínú jáde, Hendrix sì ta béèsì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé téèpù náà lọ sí New York, ó sì ń fi gìtá lé gìtá lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibi tí gìtá ti dá gba orin náà láàárín. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó pín sí. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ta á gbọọrọ bí ẹni tí ó ń kọrin. Lẹ́yìn náà ó ń yọ́ nǹkan lórí okùn, tí ohùn fi ń fà lọ láìsí ìdádúró. Wah-wah tẹ̀ lé e, ó sì wá fi ìró okùn púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà parí rẹ̀ kí ó tó padà sí ohùn ẹnu. Kò sí ọ̀kan tí ó pẹ́ nínú wọn. Ẹni tí ẹ sọ pé kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dákẹ́ ni ó ṣe èyí o. Dylan gan-an ti sọ pé láti ìgbà tí Hendrix ti kú, ọ̀nà ti Hendrix ni òun ń gbà kọ ọ́.

Gbénró Onígìtá:
Mojísọ́lá, ẹ̀rí náà dára, ṣùgbọ́n tèmi ni ó ń gbè. Oṣù kìíní 1968 ni o sọ. Chandler ṣì wà nídìí iṣẹ́ nígbà náà.

Mojísọ́lá T.:
Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, sà. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí ó parí, ìparí yẹn ni a sì ń gbọ́ lónìí.

Bàbá Rẹ́kọ́ọ̀dù:
Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ Gbénró pé irú èyí tí ó gbọ́ wo ni. Nígbà tí àwo náà kọ́kọ́ jáde, wọ́n tẹ ojú kìíní àti ojú kẹrin sára àwo kan, wọ́n sì tẹ ojú kejì àti ìkẹta sára èkejì, nítorí àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà tí ó ń to àwo léra, tí ó sì ń já wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí ó kàn yí àwo kìíní padà, yóò bọ́ láti orí "Voodoo Chile" sórí apá tí ó parí iṣẹ́ náà, kí ó tó wá padà sí àárín. Nígbà tí CD dé, àwọn ẹ̀dà kan tẹ̀ lé ètò yẹn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Iṣẹ́ tí a gbọ́ ní ìdàrúdàpọ̀ yóò dàbí èyí tí a dàrú láti ilé.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kò sì kà á sí ìdàrúdàpọ̀ nígbà náà, nítorí ó lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ipò kìíní lọ́hùn-ún. Ohun tí ó bí Hendrix nínú gan-an ni páálí tí wọ́n fi gbé e jáde ní Ìlú Ọba, tí wọ́n ya àwọn obìnrin 19 ní ìhòòhò sí, nígbà tí òun ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lo fọ́tò tí Linda Eastman ya fún òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọdé ní Central Park. Ọdún 2018 ni fọ́tò yẹn tó wá bọ́ síwájú páálí.

Gbénró Onígìtá:
Bàbá, ẹ ṣeun. CD àtijọ́ ni mo fi mọ̀ ọ́n lóòótọ́, mo sì ti gbọ́ ètò tí ó tọ̀nà lẹ́yìn náà. Bí a ti ń to orin kò dín gígùn rẹ̀ kù, sà. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n ta "Voodoo Chile" oníṣẹ́jú 15, Hendrix, Redding àti Mitchell padà sí sítúdíò kan náà, àwọn ayàwòrán tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, wọ́n sì ta "Voodoo Child (Slight Return)", orin àbúrò rẹ̀ tí ó wà nínú àwo kan náà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Orin yẹn ni ó gba ipò kìíní ní Ìlú Ọba ní oṣù kọkànlá 1970, lẹ́yìn tí ọlọ́run ti mú un lọ ní oṣù kẹsàn-án. Ohun gbogbo tí ẹ ń wá nínú ìṣẹ́jú 15 wà nínú márùn-ún yìí.

Ayántádé:
Ó wà nínú márùn-ún nítorí pé wọ́n ti na ara fún 15 ní àná rẹ̀, ẹ̀gbọ́n.

Kọ́lá Blues:
Ó dáa, ẹ jẹ́ kí a fi "Little Miss Strange" rúbọ, kí Ẹ̀gbọ́n Gbénró lè rí nǹkan gbé délé. Òun nìkan ni kò rí ẹnikẹ́ni gbèjà rẹ̀ láti òwúrọ̀.

Mojísọ́lá T.:
Ta ni ó sọ fún yín pé kò ní agbẹjọ́rò? Ohùn Redding kò lágbára, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ gbé etí kúrò lára ohùn ẹnu, kí ẹ gbọ́ àwọn gìtá tí Hendrix tò sí abẹ́ rẹ̀, tí ọ̀kan ń rìn lókè, tí èkejì ń bá a lọ nísàlẹ̀ láì ya ara wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ orin yẹn kọ́kọ́ ní láti ta ìlà gìtá méjèèjì yẹn fún mi láìṣì í.