Ta ló ni fọ́tò ọmọ: òbí tàbí ilé-ìwé?

Ìyá Ìbejì, Gáà-Akanbí:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí Ìlọrin. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Jímọ̀. Mo lọ ra ata ní Ìpàta. Ìyá tó ń wọn ata fún mi ń wo fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wá na fóònù náà sí mi: "Àlájà, ẹ bá mi wo ọmọ yìí." Sítíkà WhatsApp ni. Ọmọ kékeré kan ń ké, ikun imú ti dé ètè, bọ́tìnnì yunifọ́ọ̀mù kan ti já, wọ́n wá kọ "Owó oṣù ti tán" sábẹ́ rẹ̀. Kẹ́hìndé mi ni! Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé lọ́dún tó kọjá ni tíṣà kan yà á, wọ́n gbé e sórí Facebook ilé-ìwé tòun ti orúkọ àti kíláàsì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bi mí. Ìyá aláta ò mọ̀ pé ọmọ mi ni, èmi náà ò sì sọ. Mo sanwó, mo gbàgbé ata síbẹ̀. Nígbà tí mo pe ilé-ìwé, wọ́n ní ṣebí ìpolówó rere ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ náà. Ṣé èmi ni mò ń ṣe àṣejù?

Ọmọ Ọ̀fà:
Ẹ má bínú o, mo rẹ́rìn-ín débi ata yẹn. Àmọ́ àṣejù díẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé-ìwé kọ́ ló ṣe sítíkà. Ẹ wá ẹni tó ṣe é lọ.

Ìyá Ìbejì, Gáà-Akanbí:
Níbo ni mo ti fẹ́ wá a? Ẹni tó gbé ọmọ mi sójú títì ni mo mọ̀.

Tíṣà Tánkè:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹ̀yin òbí ò sí. Fóònù tèmi ni mo fi ń ya fọ́tò, dètà tèmi ni mo fi ń fi í ránṣẹ́. Ọ̀gá ń retí fọ́tò lọ́wọ́ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí mo bá ya ọmọ tó jókòó jẹ́ẹ́ tó ń kàwé, wọ́n á ní ìyẹn ò dùn ún wò. Èyí tó ń ké, èyí tó ń jó, èyí tó sùn sórí tábìlì, òun ni wọ́n ń fẹ́, torí òun ni àwọn èèyàn ń tẹ láìkì fún. Mo ti kúrò ní ilé-ìwé méjì rí. Fọ́tò àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi títí dòní, kò sì sẹ́ni tó bi mí rí bóyá mo ti pa wọ́n rẹ́.

Aníléèwé, Òmù-Àrán:
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ti sítíkà yẹn ò dáa rárá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tẹnu àwa náà. Rédíò ń gbowó, pátákó ojú títì ń gbowó, Facebook nìkan ni mo lè lò láìsanwó. Òbí tó fẹ́ mú ọmọ wá ní September, fóònù ló máa kọ́kọ́ tẹ̀. Bí kò bá rí ọmọ kankan lójú ewé wa, á ní ilé-ìwé yìí ti kú. Ẹ̀yin òbí yìí kan náà, tí a bá ṣe íńtà-háòsì tán tí ẹ ò rí fọ́tò ọmọ yín, ẹ̀ ń pè mí lóru: "Àǹtí, kí ni ọmọ mi fi ṣe yín?" Ó sì tún wà nínú fọ́ọ̀mù ìwọlé wa pé a lè lo fọ́tò ọmọ. Ojú ewé kẹsàn-án. Gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i.

Lọ́yà Ọmọ Ìlọrin:
Màmá aníléèwé, ojú ewé kẹsàn-án yẹn gan-an ni ìṣòro yín. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni, èyí tí ààrẹ buwọ́ lù ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023, sọ pé tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ ni kí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ní òun gbàṣẹ ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn. Pé òbí dákẹ́ kì í ṣe pé ó gbà. Tó bá sì ti gbà tẹ́lẹ̀, ó lè yí ohùn padà, ẹ sì gbọ́dọ̀ jáwọ́. Ẹ tún wo òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, abala 8: ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí tirẹ̀. Ọmọ ni ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18, kì í ṣe ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi nìkan.

Bàbá Bàráká, Pàkátà:
Òfin, òfin! Nígbà wọlímọ̀tù Bàráká, kámẹ́rà mẹ́ta ló dojú kọ ọ́ bó ṣe ń ka wàláà. Fídíò yẹn dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa ní Saudi, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ òfin fún wa.

Ìyá Ìbejì, Gáà-Akanbí:
Bàbá, ẹ̀yin lẹ pe kámẹ́rà.

Bàbá Bàráká, Pàkátà:
Hmm. Ìyẹn náà wà níbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà:
Àlájà, ẹ dárí jì mí, mo lọ wo ojú ewé yín. Ìbejì kan náà ló wà níbẹ̀ nínú aṣọ ọdún Iléyá, gbogbo ayé ló sì lè wò ó. Ẹ tún ti pe Kẹ́hìndé lórúkọ fún wa.

Ìyá Ìbejì, Gáà-Akanbí:
Òótọ́ lo sọ, mo sì ti yọ ọ́ kúrò báyìí. (Ti orúkọ ìbejì, ta ni mo fẹ́ fi pa mọ́ fún? Orúkọ tí gbogbo Yorùbá mọ̀ kí n tó bí i!) Àmọ́ èyí tí mo gbé síbẹ̀, mo ti nu imú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí. Nígbà tí mo wà ní JSS2, olóṣèlú kan wá pín bàtà àti ìwé ní ilé-ìwé wa. Wọ́n pè wá jáde níbi àpéjọ òwúrọ̀, àwa mẹ́jọ, wọ́n ní kí a bọ́ bàtà ẹsẹ̀ wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè rí i pé ó ti já lóòótọ́. Wọ́n ní kí n rẹ́rìn-ín, kí n di bàtà tuntun yẹn mú, kí n má tíì wọ̀ ọ́. Ilé-ìwé gbé e síta: "Àwọn ọmọ aláìní tí a ràn lọ́wọ́", orúkọ wa tẹ̀ lé e. Màmá mi ò ní fóònù tó ń wo Facebook nígbà yẹn. Lẹ́nu ọmọ àbúrò bàbá mi ló ti gbọ́ ọ níbi ìsìnkú, níwájú ẹbí. Ìyá mi ń ta àmàlà, kò jẹ gbèsè owó ilé-ìwé rí. Bàtà yẹn, kò jẹ́ kí n wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo wọ ilé-ìwé gíga, ẹnìkan ní kíláàsì wa tẹ orúkọ mi sí Google. Ẹ lè fojú inú wo ohun tó kọ́kọ́ jáde.

Tíṣà Tánkè:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Èmi náà ti ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ Ọ̀fà:
Ó dáa. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ará Òró:
Ẹ ń sọ̀rọ̀ ìtìjú, ẹ̀rù ló ń ba àwa lápá ibí. Lẹ́yìn tí àwọn agbébọn kọlu ṣọ́ọ̀ṣì ní Erúkú ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n ti ilé-ìwé pa ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ilé-ìwé ọmọ mi wọlé padà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síta ni fọ́tò àwọn ọmọ tó tò sẹ́nu géètì. Orúkọ ilé-ìwé wà láyà yunifọ́ọ̀mù, pátákó ibẹ̀ wà lẹ́yìn wọn, wọ́n tún kọ aago tí wọ́n ń jáde. Mo pè wọ́n, wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì dúpẹ́. Wọn ò rò ó dé ibẹ̀ ni.

Aníléèwé, Òmù-Àrán:
Mo gbọ́ gbogbo yín. Ti àwọn ọmọ alábàtà yẹn dùn mí gan-an, torí èmi náà ń gbé irú ẹ̀ síta nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa àtijọ́ bá fi nǹkan ránṣẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé owó wọn dé ibi tó yẹ. Lọ́yà, báwo ni kí n ṣe fọ́ọ̀mù yẹn? Mi ò lè pa ojú ewé wa rẹ́ o.

Lọ́yà Ọmọ Ìlọrin:
Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú fọ́ọ̀mù ìwọlé, kó dá dúró, kó sì jẹ́ Yorùbá. Ẹ béèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ṣé a lè yà á, ṣé a lè fi sí gúrúùpù àwọn òbí, ṣé a lè gbé e sí Facebook. Òbí tó bá ní rárá, ọmọ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀ pàdánù nǹkan kan. Ẹ má kọ orúkọ ọmọ sí fọ́tò. Ti àwọn tó ń fi nǹkan ránṣẹ́, ẹ ya bàtà náà nínú páálí, ó tó. Ìyá Ìbejì, ẹ kọ ìwé sí ilé-ìwé yín pé kí wọ́n yọ ọ́, ẹ ya fọ́tò ojú ewé Facebook náà pa mọ́ kí wọ́n tó yọ ọ́. Tí wọn ò bá dáhùn, àjọ tó ń rí sí òfin ìsọfúnni ẹni yẹn wà ní Àbújá, ẹ lè fẹjọ́ sùn.

Ìyá Ìbejì, Gáà-Akanbí:
Mo ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Sítíkà ńkọ́?

Lọ́yà Ọmọ Ìlọrin:
Ìyẹn ò ṣeé kó mọ́, Àlájà.

Ọmọ Ọ̀fà:
Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí wa. Mo ti ní kó pa á rẹ́, ó ń bi mí pé kí ló fà á.

Aníléèwé, Òmù-Àrán:
Lọ́yà, ẹ ṣeun. Ojú ewé kan ṣoṣo náà ni mo máa ṣe é.

Bàbá Bàráká, Pàkátà:
Kó má ṣe wà lẹ́yìn ìwé owó ọkọ̀ o.